Ìlà bátìrì Leaf mẹ́ta nínú Ìjàpá 1978: báwo ni kí n ṣe so wọ́n pọ̀ ní parallel?

ÌjàpáOníná (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìjàpá bàbá mi ni mo ń sọ di ọkọ̀ oníná. Volkswagen ọdún 1978 ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ilẹ̀ rẹ̀ kò dípẹtà rárá. Ẹ́ńjìnnì epo ti kúrò, ẹ́ńjìnnì oníná ti jókòó sórí gíábọ́ọ̀sì. Kọntirólà tí mo rà (ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún ẹ́ńjìnnì), 96V ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ rí ohun tó ju 130V lọ. Ó lè fa 500A, ó sì máa ń dá iná padà sínú bátìrì tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀.

Ní ti bátìrì, mo ra odidi bátìrì Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan ní Ládípọ̀, ti 24kWh, module (àpò bátìrì kéékèèké) 48 ló wà nínú rẹ̀. Mo ti fi mítà wọn gbogbo wọn. Èyí tó ga jù jẹ́ 7.71V, èyí tó kéré jù jẹ́ 7.58V.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí n to module 16 ní series (positive ọ̀kan mọ́ negative èkejì, kí fólítéèjì wọn lè ro pọ̀), ìlà mẹ́ta, kí n wá so ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní parallel (positive mọ́ positive, negative mọ́ negative). Ìlà kan á wà nínú búùtù iwájú níbi tí tánkì epo wà tẹ́lẹ̀. Méjì yòókù á wà lẹ́yìn àga ẹ̀yìn.

Rewáyà àdúgbò wa, tó tún ń ṣe inverter, sọ pé kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, kí n kàn so positive mọ́ positive, negative mọ́ negative, pé bí òun ṣe ń ṣe é fún àwọn oníbàárà òun nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kí n kọ́kọ́ so module mẹ́ta mẹ́ta ní parallel kí n tó to wọ́n ní series. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bára mu, owó tí mo ti ná sì ti pọ̀ jù fún ká-dán-an-wò. Èwo ni kí n ṣe? BMS (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì) mélòó ni mo nílò? Ṣé fíùsì kan tó fún gbogbo rẹ̀? Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà lè gbé mi láti Mọ́kọ́lá dé Ọ̀yọ́ kí n tó tún ṣáàjì.

Rọ́ǹkẹ́_Sólà (Òṣogbo)

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìnáwó. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwa gan-an kì í kàn so bátìrì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ máa ń ṣáàjì gbogbo wọn kún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó so wọ́n. Inverter ilé kì í sì fà tó ọkọ̀. Lórí 48V, ẹni tó tan fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ó ṣòro kó fa ju 30A lọ. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ 500A. Àṣìṣe tó máa gba oṣù mẹ́fà kó tó hàn nínú inverter, ọjọ́ kan péré ló máa gbà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ìbéèrè tèmi náà rèé fún àwọn àgbà: tí ó bá jẹ́ LFP (bátìrì lithium iron phosphate) ni ènìyàn ní, bí irú èyí tí à ń lò fún sólà báyìí, ṣé ọ̀nà kan náà ni?

ÀgbàSípánà (Coventry)

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó de nọ́ọ̀tì ìkẹyìn. Ìdí iṣẹ́ forklift oníná ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti dé ìlú ọba, ọkọ̀ àtijọ́ tí a sọ di oníná náà sì máa ń gba ọwọ́ mi kọjá. Jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrú.

Parallel fúnra rẹ̀ kò burú. Leaf tí o rà yẹn, parallel wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́: cell (ẹyọ bátìrì tó kéré jù) 192 ni, wọ́n so wọ́n ní méjì méjì, wọ́n wá to méjì méjì náà ní 96 ní series. Tesla Model S ti 85kWh, cell kéékèèké 7,104 ló wà nínú rẹ̀, 74 ní parallel ní ìpele kọ̀ọ̀kan, cell kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà tín-ín-rín tó máa jó já tí cell yẹn bá bàjẹ́. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí irin bá kọ́kọ́ fara kan irin, àti ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà bá ṣàìsàn tí àwọn yòókù ṣì le. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí méjèèjì yìí ló dá lé.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ 16 yẹn. Module kan, ìpele cell méjì ló wà nínú rẹ̀ ní series. Tí ó bá kún, ìpele kan á dé 4.2V. Module 16 jẹ́ ìpele 32, lọ́nà 4.2, ó jẹ́ 134.4V. Kọntirólà rẹ kò fẹ́ ju 130V. Tí o bá wá kúrò nílé pẹ̀lú bátìrì tó kún, tí o ń sọ̀kalẹ̀ òkè Mọ́kọ́lá, tí ẹ́ńjìnnì ń dá iná padà, iye yẹn á tún ga sí i. Lo 15. Ìpele 30 lọ́nà 4.2 jẹ́ 126V, ó fi àyè sílẹ̀. Module mẹ́ta tó bá kù, má tà wọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, ibẹ̀ ni ìrọ́pò rẹ̀ á ti wá, ọjọ́ orí wọn á sì bára mu.

Ní ti Ọ̀yọ́: nígbà tí module Leaf wà ní tuntun, 65Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) ni. Ká ní tìrẹ ṣẹ́ku 45Ah. Ìlà mẹ́ta á fún ọ ní 135Ah lórí nǹkan bí 112V, ìyẹn 15kWh. Má fa á gbẹ. Lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ó jẹ́ 12kWh. Ìjàpá tí a rọra wà á jẹ nǹkan bí 160Wh ní kìlómítà kan, nítorí náà ó lè rin bí 75km. Wàá dé Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni wàá ti ṣáàjì kí o tó padà.

45Ah tí mo fi ṣe ìṣirò yẹn, àfojúbù ni. Ohun tí o fi mítà wọn, fólítéèjì ni. Kò sọ agbára fún ọ. Module tó ti rẹ̀ àti module tó le lè jọ wà ní 7.65V. Ṣáàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan dé 8.2V, fi ẹrù tó dúró sójú kan fa á dé 6.4V, kí o kọ iye Ah tó jáde sára rẹ̀ pẹ̀lú máákà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, mo mọ̀. Òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ìlà tí a tò ní series, module tó lágbára kéré jù nínú rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí gbogbo ìlà yẹn á gbé dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pín àwọn tó le àti àwọn tó rẹ̀ káàkiri kí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba. Lójú, ó dà bí ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ wọ́n lérè. Ká ní àwọn module rẹ wà láàárín 42 sí 50Ah. Tí o bá dà wọ́n pọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á ní ẹni 42 kan nínú, ìlà mẹ́ta á fún ọ ní 126Ah. Kó 15 tó le jù sí ìlà kan, 15 tó tẹ̀ lé e sí èkejì, tó kù sí ẹ̀kẹta: o lè rí 48, 45 àti 42, ó di 135Ah láti inú bátìrì kan náà. Nítorí pé parallel ni wọ́n ti pàdé, ìlà tó rẹ̀ á fa díẹ̀, ìlà tó le á fa púpọ̀, kò sẹ́ni tó máa fipá mú wọn dọ́gba.

Ẹni tó ní kí o so mẹ́ta mẹ́ta ní parallel kí o tó to wọ́n, kò parọ́. BMS kan ṣoṣo á tó o, àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á sì máa gbé ara wọn. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú àpótí kan, màá bá ọ jókòó lórí rẹ̀. (Nínú ètò yẹn ni pípín àwọn tó le àti àwọn tó rẹ̀ káàkiri ti dára, kí mẹ́ta mẹ́ta lè dọ́gba.) Ṣùgbọ́n wo ohun tó máa ń sá mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Orí mẹ́ta ni module Leaf ní: positive, negative, àti ọ̀kan láàárín tó jáde láti ibi tí ìpele cell méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó so positive àti negative pọ̀ tó gbàgbé orí àárín, inú module kan lásán ni BMS rẹ̀ ń rí, á sì rò pé òun ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì: ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) inú module kan kò ju nǹkan bí 0.002 lọ. Páànù ìsopọ̀ tó dípẹtà, tàbí nọ́ọ̀tì tí kò le tó, lè fi 0.001 kún un. Ìdajì nìyẹn! Module yẹn á máa sinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, o kò ní mọ̀ títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n ṣáájú ọjọ́ wọn.

Nínú ọkọ̀ tìrẹ ẹ̀wẹ̀, ìlà kan wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn. Tí o bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, wáyà ńlá mẹ́rìndínlógún ló máa gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ká má tíì ka ti orí àárín. Má ṣe é. Jẹ́ kí ìlà mẹ́ta dá dúró, kí wọ́n pàdé ní òpin nìkan. Ìlà kọ̀ọ̀kan á ní fíùsì tirẹ̀, contactor tirẹ̀ (súwíìṣì ńlá tí iná ń ṣí tó sì ń pa dé), BMS tirẹ̀ tó ń wo ìpele 30. BMS mẹ́ta nìyẹn, owó rẹ̀ á dùn ọ́, mi ò lè bá ọ dín in.

Ṣé fíùsì kan tó? Kò tó. Ká ní wáyà kan bó nínú àpótí iwájú, tí positive ìlà yẹn sì kan negative rẹ̀. Ta ló máa rọ́ iná wọ inú rẹ̀? Ìlà méjì tó wà lẹ́yìn ni. Iná yẹn á gba ibi tí wọ́n ti pàdé kọjá wọ inú ìlà tó bàjẹ́, kò sì ní gba ọ̀nà kọntirólà rárá. Fíùsì ńlá tí o fi sẹ́nu ọ̀nà kọntirólà á jókòó síbẹ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Fíùsì ìlà kọ̀ọ̀kan ló máa gbà ọ́. Tìrẹ, 250A ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí DC sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, 250V DC ó kéré tán. Fíùsì tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀, wo ara rẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 32V. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní fíùsì ilé. Iná NEPA máa ń kan òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà yẹn ni fíùsì ilé fi ń pa iná tó ń fò láàárín irin méjì. Iná bátìrì kì í kan òdo. Fíùsì náà á já, iná á sì máa fò láàárín rẹ̀ bí ti wẹ́ẹ́dà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìgbà tí o máa so wọ́n. Ká ní ìlà kan wà ní 115V, èkejì wà ní 109V. Ìyàtọ̀ 6V. Ká ní ohm inú ìlà méjèèjì pẹ̀lú wáyà wọn jẹ́ 0.065. Pín 6 sí 0.065, ó lé ní 90A. Iye yẹn ló máa ya láti inú ọ̀kan wọ inú èkejì lójú ẹsẹ̀, kò sí kọntirólà tàbí ṣáàjà kankan láàárín tó máa sọ pé ó tó. Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 20V, ó lé ní 300A, sípánà á lẹ̀ mọ́ orí bátìrì lọ́wọ́ rẹ.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Màá fi ṣáàjà kan náà ṣáàjì ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ojú kan náà, màá fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Màá so negative wọn pọ̀. Màá wá mú gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, 12V 55W, màá fi so positive ìlà kan mọ́ positive ìlà kejì. Tí ìyàtọ̀ bá ṣì wà, gílóòbù náà á tàn. Bí ìlà méjèèjì bá ṣe ń sún mọ́ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa pupa, á wá di pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ẹyin iná, lẹ́yìn náà o kò ní rí nǹkan kan mọ́. Kò tíì parí níbẹ̀. Gílóòbù máa ń ṣókùnkùn nígbà tí iná ṣì ń kọjá nínú rẹ̀. Gbé mítà lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Tó bá ti wà lábẹ́ 0.1V tí kò sì gòkè padà lẹ́yìn wákàtí kan, o lè yọ gílóòbù, kí o so irin mọ́ irin. Tí ìyàtọ̀ bá ju 10V lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, má lo gílóòbù, padà sídìí ṣáàjà.

Nígbà tí o bá ń to àwọn ìlà náà, má jẹ́ kí ìlà kan pé títí di ìgbẹ̀yìn. Tò ó ní márùn-ún márùn-ún. Module márùn-ún tó kún jẹ́ 42V, kò tó ohun tó máa gbá ọ mú. 126V ti kúrò ní nǹkan eré. Ìsopọ̀ láàárín márùn-ún kan àti èkejì ni kí o fi sí i kẹ́yìn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná, kì í ṣe ti ìfọṣọ. Bọ́ òrùka, bọ́ aago. Yí téèpù iná mọ́ ọrùn sípánà títí ó fi ku ẹnu rẹ̀ nìkan.

@Rọ́ǹkẹ́_Sólà, ẹ kú iṣẹ́ o. LFP yàtọ̀ díẹ̀ ní ojú ibi kan. Cell tí Leaf ń lò, fólítéèjì rẹ̀ máa ń sọ òótọ́: bó ṣe ń gbẹ ló ń lọ sílẹ̀. Ti LFP, láàárín ìdá 30 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí kúrò lójú kan. Ìlà méjì lè jọ jẹ́ dọ́gba lójú mítà kí ọ̀kan sì ní ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú èkejì. Fún LFP, òkè pátápátá ni kí ẹ ti so wọ́n pọ̀: ẹ ṣáàjì méjèèjì kún dé 3.65V fún cell kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó so wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà kankan bẹ̀ yín pé kí ẹ so LFP mọ́ irú ti Leaf. Wọn kì í kún lójú kan náà, wọn kì í gbẹ lójú kan náà.

KọláHouston

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ onílé pé kí ló dé tó fi fẹ́ parallel rárá? Tó bá wá ẹ́ńjìnnì Leaf àti inverter rẹ̀ (òun ló ń ṣe iṣẹ́ kọntirólà níbẹ̀) pẹ̀lú bátìrì yẹn, 80kW ni, á to module 48 ní series kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe kúrò nílé iṣẹ́, nǹkan bí 360V. BMS kan, contactor kan, ìlà kan. Dípò 500A, 140A péré ló máa fà fún agbára kan náà, wáyà rẹ̀ á tín-ín-rín. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn, mi ò ní ìlà kankan tí mo ń bá ṣe ìlàjà.

ÀgbàSípánà (Coventry)

Kọ́lá, o kò purọ́. Tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi kó tó ra kọntirólà, ohun tí màá sọ fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọntirólà ti wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti wà lórí gíábọ́ọ̀sì. Ohun mìíràn tún ni pé ní Ìbàdàn, ta ló máa bá a tún 360V ṣe tí nǹkan bá yọnu? 126V le tó fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Jẹ́ kó fi ohun tó ní ṣe é dáadáa.

ÌjàpáOníná (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Ẹ ṣeun, Àǹtí Rọ́ǹkẹ́. Mo ti gbà: 15, ìlà mẹ́ta tó dá dúró, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn Ah. Module àkọ́kọ́ tí mo dán wò gbé 47 jáde.

Ìbéèrè mi tó kù: àkọ́kọ́, tí BMS ìlà kan bá já contactor rẹ̀ nígbà tí mo wà lórí eré ńkọ́? Èkejì, ìlà iwájú máa gba wáyà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ṣé kí n gé gbogbo wọn dọ́gba? Ẹ̀kẹta, ṣáàjà kan ni mo ní.

ÀgbàSípánà (Coventry)

47 dára. Ó ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ ló wúwo jù, inú mi dùn pé o béèrè rẹ̀. Contactor kò gbọdọ̀ já lójijì lábẹ́ ẹrù. Tí cell kan bá ń lọ sílẹ̀ jù, kí BMS kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí kọntirólà pé kó dín agbára kù, kí iná kan tàn lójú rẹ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìyẹn ni kó já ìlà náà. Ìlà méjì tó kù á máa gbé gbogbo ẹrù, 250A lọ́kọ̀ọ̀kan tí o bá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn bá ojú fíùsì rẹ dọ́gba. Nítorí náà kí kọntirólà má lè fà ju 350A lọ títí o fi máa délé.

Èyí tó ń bọ̀ yìí ni mi ò fẹ́ kí o kà fò. Ìlà tó já yẹn ti sọ ẹrù kalẹ̀, fólítéèjì rẹ̀ á gòkè padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ á máa lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan, BMS ìlà tó ń sinmi á wo ara rẹ̀, á rí i pé ara òun ti yá, á sì fẹ́ pa contactor dé. Ohun tí a fi gílóòbù sá fún nínú gáréèjì, orí ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló máa wá ṣẹlẹ̀. Ṣètò rẹ̀ kí ìlà tó bá ti já má lè padà fúnra rẹ̀ láé. Kí ọkọ̀ dúró, kí ìyàtọ̀ láàárín ìlà náà àti àwọn yòókù má tó 1V, kí ó tó lè wọlé. BMS tí kò bá lè wo ìyàtọ̀ yẹn, fi súwíìṣì tí o máa fọwọ́ ara rẹ tẹ̀ sí i, kí o sì lẹ mítà kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ jọ wọlé kí kọntirólà tó rí iná. Kápásítọ̀ ńlá (ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) wà nínú kọntirólà, òfìfo ni tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Tí o bá pa contactor dé lójijì láìfi resistor (ohun tó ń dín iná kù) kún un ṣáájú, iná á rọ́ wọlé débi tí ẹnu contactor á fi lẹ̀ pọ̀, o kò ní lè pa ọkọ̀ mọ́. Resistor fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí kápásítọ̀ kún, kí contactor ńlá tó wọlé.

Ní ti gígùn wáyà, àwọn ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí yọ ara wọn lẹ́nu. Mítà kan wáyà bàbà 35mm², ohm rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.0005. Inú ìlà rẹ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ nǹkan bí 0.03. Mítà méjì tó ti iwájú lé sí i kò lè yí nǹkan kan padà. Tó bá jẹ́ 12V tàbí 48V ti sólà ni, ìyẹn tún yàtọ̀, kí wáyà dọ́gba níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí o ti ṣe àníyàn ni orí wáyà. Lo ẹ̀rọ tó ń fi epo tẹ̀ ẹ́, má fi òòlù lù ú. Kí o sì fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà náà kí o tó sanwó: tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ọjà kún fún un. Dá a padà fún wọn.

Ṣáàjà kan ti tó, kí contactor mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pípa dé, kó máa bọ́ gbogbo wọn pọ̀. BMS èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ lè dá ṣáàjà dúró. Mú òpin rẹ̀ wá sí 123V, ìyẹn 4.1V fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Wàá pàdánù kìlómítà díẹ̀, ẹ̀mí bátìrì á gùn sí i. Irú Leaf tìrẹ kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Àwọn tó rà á ní Phoenix ní Arizona ti rí ohun tí ooru ṣe fún un ní 2012. Oòrùn Ìbàdàn ní oṣù kẹta náà kì í ṣe kékeré. Fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, tó bá ti lé ní 45°C, kí ṣáàjà má ṣiṣẹ́. Kí o sì fi irin di module mọ́ra ní orí méjèèjì bó ṣe wà nínú àpótí Leaf àtijọ́, wọn kò gbọdọ̀ wú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí, ọ̀nà tí wáyà iwájú máa gbà. Má gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì àárín Ìjàpá kọjá; ọ̀pá jíà àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló ń rìn síwá sẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n á ha á bó. Gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, positive àti negative lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú páìpù aláwọ̀ ọsàn, kó ga ju ibi tí òkúta lè gbá lọ, kí rọ́bà sì wà ní gbogbo ibi tó ti gba ihò irin kọjá. Bátìrì ńlá náà kò gbọdọ̀ kan ṣeésì níbì kankan: fi mítà wọn positive sí ara ọkọ̀, lẹ́yìn náà negative sí ara ọkọ̀, kí o má rí fólítéèjì tó dúró níbẹ̀. Ya àwòrán ihò iwájú àti ihò ẹ̀yìn kí o tó pa ideri dé, kí o fi wọ́n síbí. Mo fẹ́ rí rọ́bà yẹn.